Windows 10 dópin, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kò tíì kú

Láti October 14, 2025, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fòpin sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10, ìbéèrè kan ló ń jẹ àwọn tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ lọ́kàn: ṣé ó ti di dandan kí wọ́n ra tuntun ni? Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìlú ńlá. Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti sọ ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, àwọn òbí tó wà lábúlé náà ti ń wá èyí tí ọmọ wọn yóò fi kọ́ṣẹ́ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rà, nítorí ibẹ̀ ni agbára wọn mọ.

Windows ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bí awakọ̀ ṣe ń darí ọkọ̀. Ọdún 2015 ni Windows 10 jáde. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ ṣì ń tàn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó dúró ni àtúnṣe ààbò tí Microsoft máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láti dí àwọn ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá rí ihò tuntun, kò sí ẹni tí yóò bá onílé dí i mọ́. Lóòótọ́, Microsoft kéde àfikún ọdún kan, tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ October 13, 2026, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Àwọn kan yóò san 30 dọ́là, àwọn mìíràn yóò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Sísún ọjọ́ síwájú lásán ni èyí.

Ìmọ̀ràn Microsoft ni pé kí àwọn ènìyàn bọ́ sórí Windows 11, èyí tó jáde ní October 2021. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Windows 11 kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń béèrè ẹ̀yà ara kan fún ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ní orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò sí nínú rẹ̀. Báyìí ni ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́, tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé, ṣe di aláìníbàbá.

Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè kì í fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílé. Wọ́n á tà á, àwọn oníṣòwò á sì kó o wá sí etíkun Èkó. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé Computer Village ní Ìkẹjà, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2018, sọ pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dọọdún ní 2015 àti 2016. Ó lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ tó ti bàjẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Àwọn ọmọdé àti àgbà tó ń sun wáyà láti yọ bàbà ló ń fa èéfín rẹ̀ símú, òjé inú rẹ̀ sì ń wọ inú ilẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kò tíì gbàgbé Koko ní 1988, nígbà tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ìlú náà. Kọ̀ǹpútà tí a bá sọ nù láìtọ́jọ́ ń fi kún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí èèkù àdá bá ṣẹ́, àgbẹ̀ kì í sọ irin rẹ̀ nù. Igi mìíràn ló ń wá fún un. Igi mìíràn tó wà fún kọ̀ǹpútà ni Linux. Linus Torvalds, ọmọ Fíńlándì tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kún un láti ìgbà náà. Mark Shuttleworth láti Gúúsù Áfríkà ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kó fúyẹ́ fún ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré: Lubuntu, Linux Mint tó ní Xfce, àti antiX. Wọ́n kì í gbowó fún un, àtúnṣe ààbò rẹ̀ sì ń wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Linux kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ní 2007, wọ́n fẹ́ ra 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ṣe fún àwọn ilé-ìwé, Linux tí ilé-iṣẹ́ Mandriva ti Faransé ṣe ló sì yẹ kó wà nínú wọn. Lójijì ni ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí ọ̀gá Microsoft. Ó ní àwọn tó ra ẹ̀rọ náà sọ pé àwọn yóò san owó Linux, àmọ́ Windows ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Microsoft ní òun kò ṣe ohun tí kò tọ́. Nígbà tó yá, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ náà ní Linux ni àwọn ń fẹ́. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń darí ètò inú kọ̀ǹpútà ló ń darí owó tí oníkọ̀ǹpútà yóò máa san lẹ́yìn ọ̀la. Lẹ́nu ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kéde pé òun yóò kó 30,000 kọ̀ǹpútà ìjọba bọ́ sórí Linux àti LibreOffice. Wọn kò ṣe é torí òṣì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà yóò gbé Linux sórí fúláàṣì 8GB, yóò ki í bọ ẹ̀rọ náà, yóò sì tàn án. Ẹni tó ni ín lè dán an wò láti orí fúláàṣì yẹn láìtíì pa Windows rẹ́. Kó wo bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbà á. Kó tó gbà kí wọ́n gbé e wọlé pátápátá, kó kọ́kọ́ kó fáìlì àti àwòrán rẹ̀ sí ibòmíràn, nítorí ìgbéwọlé lè nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB, antiX ni kó wá. Ẹni tó ní 4GB lè lo Linux Mint. Bí agbára bá ká a, kó fi SSD rọ́pò háádì dísíkì àtijọ́, yóò rí i pé ẹ̀rọ náà yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Data tí wọ́n fi ń gbé Linux wálẹ̀ lè ju 2GB lọ. Láti January 2025 tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí àfikún owó ìpè àti data tó tó ìdá 50 nínú 100, ó sàn kí ará abúlé gbà á lórí fúláàṣì lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Àléébù rẹ̀ náà wà. Microsoft Office kò sí nínú rẹ̀. LibreOffice ló wà, ó sì ń ṣí ìwé Word, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà lè yí díẹ̀. Àwọn ètò tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan, irú èyí tí ilé ìtajà fi ń ṣírò owó tàbí tí ọmọ fi ń dán ìbéèrè ìdánwò wò, lè má ṣiṣẹ́. Kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ má ṣe kánjú. Ẹ̀rọ tó gbó gan-an, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 32-bit, ti ń rí ẹ̀yìn Linux pàápàá: Debian 13 tó jáde ní August 2025 kò ní ètò ìgbéwọlé fún un mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ lẹ́tà, ka ìròyìn, wo fídíò tàbí lo báńkì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí gbogbo rẹ̀ ṣe. Pẹ̀lú rẹ̀, bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Linux láìsan kọ́bọ̀, tí ẹ, ọ àti ṣ yóò fi jáde bó ṣe yẹ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó yẹ kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ béèrè lọ́wọ́ olùtà bóyá ẹ̀rọ náà gba Windows 11. Bí kò bá gbà á, kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Kí àwọn ilé-ìwé àti ìjọba ìbílẹ̀ tó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó jọ sí yàrá pè oníṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kọ̀wé ra òmíràn. Kí ìjọba sì mú òfin lórí ẹ̀rọ iná àlòkù ṣẹ ní etíkun, kí ìdọ̀tí ẹlòmíràn má baà di tiwa. Owó tó bá kù lọ́wọ́ òbí kan ní abúlé lè di owó ìwé ọmọ.