Máṣíìnì tó ti sùn fọ́dún mẹ́ta: ẹ má fi ìwàǹwára jí i o

Àárín tọkọtaya ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo bẹntiróòlù tí lítà kan rẹ̀ kò tó náírà 200 fò fẹ̀rẹ̀ kọjá náírà 500. Owó ọkọ̀ sì gbéra, ó ní òun náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni ilé tí máṣíìnì kan bá ti wà lẹ́yìnkùlé ní Òkìtìpupa kò ti gbádùn mọ́.

Ìyàwó á ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ wo nǹkan. Ẹ ní máṣíìnì nílé, ẹ wá ń fẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ gùn ún mọ́, ẹ jẹ́ kí n pe àwọn tó ń ra irin, kí n fowó ẹ̀ ra púpurú sílé.”

Ọkọ á fò sókè, “Ta ló ń ra irin? Ìyá Ìbejì, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan máṣíìnì mi o. Lọ́la lọ́la yìí ni mo máa da epo sí i, ma sì fi gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé.”

“Lọ́la lọ́la” yẹn gan-an ni wàhálà.

Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo nírú eléyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, títí dé Ìlútìtun, ẹ máa rí máṣíìnì tí wọ́n fi tapólì bò lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ti sọ ìjókòó rẹ̀ di ibùsùn. Òmíì, bàbá ló ní in kó tó kú, tí kò sọ́mọ tó fẹ́ kó di irin jákujàku. Òmíì sì wà tó jẹ́ pé Èkó ló ti wá. Ẹ̀yin náà ẹ rántí òfin ìrìnnà ọdún 2012 tó kọ́kọ́ lé àwọn ọlọ́kadà kúrò láwọn títì ńlá l'Ékòó. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba tún lé wọn láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan. Gokada, MAX àti ORide tí wọ́n ń fún èrò ní akoto, tí wọ́n ń fi fóònù pè, gbogbo wọn ló bá a lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n wá dé e pátápátá láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà bíi Ìkẹjà, Súrùlérè àti Àpápá, èyí tọ́wọ́ bá sì tẹ̀, katakata ni wọ́n fi ń rún un. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó lọ́gbọ́n lórí ò dúró wò ó, ó ti di ti ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ wálé.

Ó wálé tán, kò ríṣẹ́ fún un ṣe. Ló bá gbé e tì. Òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ sì rèé, ẹ mọ̀ ọ́n, òjò tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kóun lọ sílé. Bó o bá fi irin sílẹ̀ níbẹ̀ fọ́dún mẹ́ta, ìpẹtà á kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i lára.

Bàbá Ìbejì ò kúkú ro gbogbo ìyẹn. Lójú ti ẹ̀, máṣíìnì tó ń ṣiṣẹ́ kó tó sùn, bó bá jí, kò lè ṣàìṣiṣẹ́. Ó ra epo lítà méjì, ó fẹ́ dà á lé èyí tó wà nínú táńkì látọdún 2020. Ọpẹ́lọpẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò tó ń kọjá lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná! Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn ohun tó wà nínú táńkì yẹn.”

Bàbá Ìbejì rẹ imú sílẹ̀, ló bá yára gbé e sókè. Kì í ṣe òórùn epo mọ́, òórùn ọ̀dà tó ti kan ni.

Epo bẹntiróòlù ò dà bí ọtí òyìnbó tó ń dára bó ṣe ń pẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, èyí tó fúyẹ́ lára ẹ̀ á ti fẹ́ lọ, èyí tó ṣẹ́ kù á wá máa ki bíi oje igi. Oje yẹn ló ń lọ dí àwọn ihò inú kabúrétọ̀, ihò tí ẹnu abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà. Omi tún wà ńbẹ̀: táńkì tí kò kún máa ń fa ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sínú, ọ̀rinrin á di omi, omi á rì sísàlẹ̀ nítorí ó wúwo ju epo lọ, ibẹ̀ ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá da epo tuntun lé e, ìpẹtà ló ń pò mọ́ epo, kabúrétọ̀ ni yóò sì mu ún.

Nítorí náà, gbogbo epo àtijọ́ gbọ́dọ̀ jáde, jìnnà sí ẹni tó ń dáná àti ẹni tó ń mu sìgá. Táńkì tó ti dípẹtà, àwọn mẹkáníìkì á ju nọ́ọ̀tì kéékèèké sínú ẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì, wọ́n á mì ín jìgìjìgì títí ìpẹtà á fi ṣí, wọ́n á ka nọ́ọ̀tì náà kó pé, wọ́n á sì jẹ́ kí táńkì gbẹ dáadáa. Kabúrétọ̀ ní tiẹ̀, títú ni. Ẹ fi epo fọ̀ ọ́, ẹ fi afẹ́fẹ́ fọgànáísà fẹ́ àwọn ihò ẹ̀. Ẹ má fi wáyà tọ́ ọ o! Ihò tí wáyà bá mú fẹ̀, epo tí máṣíìnì yóò máa mu látọjọ́ náà yóò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ bá sì wo iye tí epo wà, ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí.

“Ó dáa, ó ti yé mi,” Bàbá Ìbejì ní, ló bá tún gbé ẹsẹ̀ lé kíkì, ó fẹ́ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Mẹkáníìkì tún pariwo. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ fọ́ ọ ni?”

Ẹ́ńjìnì tó ti pẹ́ láìyí, ọ́ìlì ti ṣàn kúrò lára písítìnì àti ríǹgì ẹ̀. Ríǹgì lè ti lẹ̀ mọ́ ara ibi tó wà. Ẹni tó bá fipá tẹ kíkì, ríǹgì lè kán, kó sì ha inú ẹ́ńjìnì bí ìgbà téèyàn fi ìṣó ha ògiri. Ohun tó yẹ kó ṣe ò ju pé kó tú púlọ́ọ̀gì, kó rọ ọ́ìlì tó mọ́ bíi ṣíbí ìjẹun kan sínú ihò ẹ̀, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni kó rọra fi ọwọ́ ti kíkì sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìtíì dá púlọ́ọ̀gì padà. Bó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ọpẹ́ ni. Bó bá gan pátápátá, kó má jà á níjàkadì, ó ti di ti ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnì.

Ọ́ìlì àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tó jẹ́ irú Bajaj Boxer, inú ẹ́ńjìnì ni ọ́ìlì ẹ̀ wà, kí wọ́n da ti àtijọ́ nù, kí wọ́n rọ tuntun. Àmọ́ àwọn Suzuki AX100 àtijọ́ àti Jincheng tó jọ ọ́, ọ́ìlì ni wọ́n ń jó mọ́ epo. Ẹni tó bá gbàgbé ọ́ìlì ti ìyẹn, ẹ́ńjìnì ẹ̀ á gan kó tó gùn ún jìnnà. Kẹ́ ẹ sì tó ta á, ẹ yẹ inú sàlẹ́ńsà àti fílítà afẹ́fẹ́ wò. Kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn ẹnu sàlẹ́ńsà, eku sì fẹ́ràn fílítà.

Ti bátìrì ńkọ́? Ní Òkìtìpupa, níbi tí iná ìjọba ti jẹ́ àwátì fọ́pọ̀ ọdún, ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni bátìrì ti máa ń gbàná nígbà náà. Bátìrì tó bá kú fọ́dún mẹ́ta, ó ṣòro kó tó jí. Bó bá jẹ́ olómi, omi bátìrì tó mọ́ nìkan ni kí wọ́n fi kún un, kì í ṣe omi kànga. Bó bá gba iná lónìí tó tún kú lọ́la, ẹ dágbére fún un.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó ta á. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó yọ èéfín funfun, ló bá dún. Ìbejì pàtẹ́wọ́, Bàbá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ìta gbangba ni mẹkáníìkì ní kí wọ́n ti ta á, kì í ṣe inú pálọ̀, nítorí èéfín yẹn máa ń pa èèyàn láìsọ̀rọ̀. Bàbá Ìbejì ti nawọ́ gán àpò ìwé àwọn ọmọ, ó kù kó ní kí wọ́n gùn ún.

Ìyá Ìbejì ló dúró sẹ́nu géètì. “Bàbá Ìbejì, ó ti dún lóòótọ́. Ṣé ó máa dúró?”

Ìbéèrè tó yẹ káwọn ọkùnrin kọ́kọ́ bi ara wọn nìyẹn. Máṣíìnì tí kò bá dún, kò lè pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó dún tí kò lè dúró ló ń pààyàn. Wáyà bíréékì lè dára lójú, kó sì ti dípẹtà nínú àpò ẹ̀, kó já lọ́jọ́ tí ọkọ̀ agbépo bá yọ níwájú. Bàtà bíréékì lè ti lẹ̀ mọ́ inú ẹsẹ̀. Ṣéènì lè ti gan láwọn oríkèé kan, èyí tí kò bá ká lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, pípààrọ̀ ni. Táyà lè wú dáadáa, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ti sán. Kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìgbẹ̀yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 1816, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Iṣẹ́ táyà tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe láti gbé ọmọ lọ síléèwé.

Inú mẹkáníìkì dùn sí ìbéèrè náà. Ó ní kí Bàbá Ìbejì nìkan gùn ún yí pápá ká, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó máa tẹ bíréékì ẹsẹ̀, kó fa tọwọ́. Ìgbà kejì ni wáyà bíréékì iwájú já pátì. Kò sẹ́ni tó fara pa, nítorí kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà Igbọ́kọ̀dá láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé ńkọ́?

Bàbá Ìbejì ò sọ̀rọ̀. Ó fúnra ẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ ra wáyà tuntun, ó ra táyà méjì, ó tún ìwé máṣíìnì ṣe, ó sì ra akoto gidi. Ẹ rántí pé nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ akoto di dandan lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn míì dé agolo ọ̀dà. Ìgbà yẹn la rẹ́rìn-ín, àmọ́ igbá ò gba orí sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dà títì.

Owó tó ná lé e ju èyí tó fẹ́ fi ra epo lítà méjì lọ dáadáa. Ìyá Ìbejì ò sì tún dárúkọ àwọn tó ń ra irin mọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, òun fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bó bá ń dúró kó tó kan àwọn ọmọ òun. Ó dúró.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tiyín lábẹ́ tapólì, ẹ rọra jí i.