Ta Ló Ń Wọn Ọ̀rá Lọ́jà?

Ẹ mú ọ̀rá méjì, irú èyí tí aláta fi máa ń di tàtàṣé fún wa. Ẹ fi ìka méjì pa wọ́n wò. Èwo nínú wọn ló nípọn tó 40 máíkírọ̀n, èwo ni kò tó bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi Google léèrè o. Ọwọ́ lásán ni mo ní kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ ò lè sọ. Èmi náà ò lè sọ, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá wọ ọjà Mushin láàárọ̀ ọ̀la kò ní lè sọ. Tí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ̀n. Kódà, 40 rẹ̀ kò tó ìnípọn fọ́nrán irun orí ọ̀pọ̀ nínú wa. Síbẹ̀, orí ìwọ̀n tí ojú kò lè rí yìí ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó dúró lé láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ọ̀rá tí kò bá ti tó 40 máíkírọ̀n ti di èèwọ̀, òun àti abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń ta ìrẹsì, ife tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù, sítírọ́ọ̀, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì oníke. Ìkìlọ̀ sì jáde pé ọjà tí wọ́n bá ti rí wọn, wọ́n lè tì í pa.

Kí ẹnikẹ́ni tó pè mí ní ọ̀tá àyíká, mo fara mọ́ òfin náà. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Mi ò bá wọn jà torí ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹni tí wọ́n lọ dúró sí ni mò ń bá wọn jà lé lórí.

Nítorí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ burú ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ wo àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri ṣa pàǹtí: wọ́n á ṣa ike omi, wọ́n á ṣa agolo, wọ́n á ṣa irin, torí kílò ni wọ́n fi ń tà wọ́n. Ọ̀rá aláta ńkọ́? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ lẹ máa kó jọ kó tó pé kílò kan, epo àti omi ata á sì ti yí i lára. Ta ló fẹ́ ṣa ìyẹn? Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, ó di inú gọ́tà. Èkó sì rèé, ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ sáàárín ọ̀sà àti òkun, tí omi ò rọrùn láti ṣàn jáde níbẹ̀. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá dé, tí ọ̀rá bá ti dí gọ́tà, inú ilé àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ lomi ń gbà. Fìríìjì á máa léfòó. Ọmọ á sùn lórí tábìlì. Ẹni tó bá ti gbọ́n omi ìdọ̀tí jáde ní pálọ̀ rẹ̀ rí ní agogo méjì òru kò ní bá yín jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí ọ̀rá kúrò nílẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú ìnípọn yẹn náà yé mi. Ọ̀rá tó bá nípọn máa ń wọ́n. Bó bá wọ́n, olùtajà ò ní máa fi ṣe èènì fún gbogbo ẹni tó bá dúró. Oníbàárà tó bá sì fowó ara rẹ̀ rà á, á fọ̀ ọ́, á ká a sínú báàgì, á tún lò ó lọ́jọ́ mìíràn. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni wọ́n ti ń pinnu ìnípọn ọ̀rá?

Kì í ṣe lórí àtẹ ìyá aláta. Inú ilé iṣẹ́ ni. Wóró ike kéékèèké ni wọ́n máa ń dà sínú ẹ̀rọ, iná á yọ́ ọ, ẹ̀rọ á wá fẹ́ atẹ́gùn sí i títí á fi wú lọ sókè bíi bàlúù gígùn. Rólà á máa fà á, á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, á ká a jọ bí aṣọ. Bí rólà yẹn bá ṣe ń yára sí, àti bí bàlúù náà bá ṣe wú tó, ló ń sọ bí ọ̀rá á ṣe nípọn tó. Ẹnì kan wà nídìí ẹ̀rọ tó ń yí bọ́tìnnì. Ó mọ iye máíkírọ̀n tó ń ṣe, torí pé owó ni máíkírọ̀n: bí ọ̀rá bá ṣe fẹ́lẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni àpò wóró ike kan á ṣe mú ọ̀rá púpọ̀ jáde sí. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé owó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wọn ni ìyá tó lọ ra dì kan lọ́wọ́ alágbàtà, òun gan-an ni wọ́n sì fẹ́ mú. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá mú èrò inú ọkọ̀ torí pé bíréèkì dáńfó ò dáa.

Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí tí òfin bá dúró lórí ohun tí ojú ò lè rí. Olùtajà ò lè fi hàn pé ọ̀rá tòun tó 40. Òṣìṣẹ́ ò lè fi hàn pé kò tó. Ẹnu ẹni tó wọ aṣọ ìjọba ló máa wá di òṣùwọ̀n. Ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wa, ẹ mọ ohun tó máa ń yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ àpò tó máa ń wọ̀.

Wọ́n á ní àwọn fún aráàlú láyè. Lóòótọ́ ni. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni kọmíṣánnà fún àyíká l'Ékòó, Tokunbo Wahab, kéde pé abọ́ fóòmù ti di èèwọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù keje 2025 tí ọ̀rá náà kàn, oṣù méjìdínlógún ti kọjá. Oṣù méjìdínlógún! Ilé iṣẹ́ tí ìjọba mọ àdírẹ́sì rẹ̀, tó ní géètì àti máígádì, tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti lọ jókòó láàárín àkókò yẹn. Tí ẹ̀rọ ò bá ṣe ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́, kí ni wọ́n á rí tí wọ́n á fi máa ti ọjà pa?

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni ti àwọn tó ń sọ pé àwọn ìyá ọjà ló ya aláìgbọràn, pé wọn ò lajú. Ẹ dákun, ta ló ń sanwó ọ̀rá? Àwọn ìyá yẹn kan náà ni. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń rajà ló ń gbé agbọ̀n àti igbá tirẹ̀ wá, ẹni tó fẹ́ ra epo á mú ìgò lọ́wọ́. Ọ̀rá ló gbé ẹrù yẹn kúrò lórí oníbàárà sórí olùtajà. Inú ìyá aláta á dùn tí kò bá ní ra ọ̀rá mọ́ láéláé. Àmọ́ tó bá dá a dúró lóun nìkan, oníbàárà á kọjá sí àtẹ kejì. "Ẹ bá mi fi ọ̀rá méjì dì í o, kó má baà já." Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Àwa náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi fóònù pàṣẹ àmàlà wálé, tó ń dé nínú ọ̀rá nínú ọ̀rá nínú ọ̀rá, ẹ rọra bú ìyá aláta jàre.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ọjà ló gbọ́dọ̀ pàdánù ọ̀rá yìí lọ́jọ́ kan náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2015, wọ́n pàṣẹ pé gbogbo ilé ìtajà ńlá gbọ́dọ̀ máa gba pẹ́ńsì 5 lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù karùn-ún 2021, wọ́n sọ ọ́ di pẹ́ńsì 10, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kún un. Láwọn ilé ìtajà ńlá yẹn, ọ̀rá tí wọ́n ń tà fi ohun tó ju 95 nínú 100 lọ sílẹ̀. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó lè sọ pé oníbàárà òun máa sá lọ sí òdìkejì títì, torí bákan náà ló rí níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa ní Peckham tí wọn kì í fẹ́ san kọ́bọ̀ lásán náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ọ̀rá sápò. Mi ò sọ pé ká gba pẹ́ńsì 5 ní Mile 12 o. Ọjà tí kò ní rìsíìtì, ta ló máa ka iye ọ̀rá tí wọ́n tà níbẹ̀? Àmọ́ ẹ rí i pé wọn ò fi olùtajà kan sílẹ̀ lóun nìkan láti bá oníbàárà jà.

Kenya tiẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó le. Lọ́dún 2007, wọ́n ní ọ̀rá tí kò bá tó 30 máíkírọ̀n ò gbọdọ̀ sí mọ́. Kò ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2011, wọ́n gbé e lọ sí 60. Kò ṣiṣẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni wọ́n pa ọ̀rọ̀ ìnípọn tì pátápátá, tí wọ́n fòfin de ṣíṣe ọ̀rá ìrajà, kíkó o wọ̀lú àti lílò ó. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ sínú òfin ọ̀hún jẹ́ mílíọ̀nù méjì sí mílíọ̀nù mẹ́rin owó Kenya, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí ọdún mẹ́rin. Ó le jù lójú mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ọ̀rá ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀: ṣíṣe é.

Èkó á ní òun ò lè dá a ṣe, pé kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló wà lábẹ́ òun. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Ọ̀tà àti Agbára tí ilé iṣẹ́ kún fọ́fọ́, ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà, láti Ọ̀tà sí Agége kì í sì í ṣe ìrìn àjò. Lọ́dún 2019, àwọn aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá fọwọ́ sí àbá kan tó máa ka ọ̀rá léèwọ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Kò di òfin. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣebí àwọn gómìnà ìlẹ̀ Yorùbá máa ń pàdé? Èyí tó wà nínú Èkó gan-an ńkọ́? Wọ́n ti kan ilẹ̀kùn tiwọn ná?

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, ewé ni wọ́n máa ń rán wa lọ já. "Ẹ jẹ́ ká padà sí ewé, àṣà wa ni." Èmi náà fẹ́ràn ewé. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ewé eéran pọ́n, ta ni yóò fi wé ti agolo? Ẹ̀kọ tó bá sì kúrò nínú ewé, omi lásán ló kù. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ńlá nínú igbó ni ewé eéran ti ń hù, a sì ti gé igbó náà tà. Obìnrin ni yóò lọ já a, obìnrin ni yóò nù ún, obìnrin ni yóò dì í rù wá sọ́jà. Ẹni tó bá ní ká padà sí ewé, kó kọ́kọ́ sọ iye tó fẹ́ san fún ìdì kan. Kó sì wá sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń fi ewé gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí láti Mile 12 dé Ìkòròdú nínú dáńfó. Agbọ̀n àti abọ́ onídèérí ló yẹ kó máa sọ fún wa ká gbé jáde nílé, àmọ́ ìyẹn ò dùn ún gbọ́ bí ewì.

Ọ̀rá piọ wọ́tà wá ńkọ́? Kò sí nínú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Mo mọ ìdí tí wọn ò fi lè fọwọ́ kàn án: omi ẹ̀rọ ìjọba ò dé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá sọ fún mi pé tàtàṣé ló dí gbogbo gọ́tà Èkó.

Ohun tí mo fẹ́ kò ṣòro. Lórílẹ̀-èdè Íńdíà, òfin ọdún 2016 sọ pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀rá ìrajà àti iye máíkírọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀rá fúnra rẹ̀. Kí Èkó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tí kò bá ní orúkọ, kí wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ọwọ́ alágbàtà dé ẹnu géètì. Èyí tó bá sì ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà báyìí, tí wọ́n ti fowó rà, tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ àtẹ bí ẹni tó jalè, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kó gbà á padà, kó dá owó wọn padà fún wọn. Ọ̀rá tí wọn ò tíì lò tún ṣeé yọ́ ṣe nǹkan mìíràn. Ilé iṣẹ́ ló ní ẹ̀rọ tó ń yọ́ ọ. Ìyá aláta ò ní in.