Ìyẹ́ Adìyẹ àti Aṣọ Fèrèsé

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má ṣe da gbogbo ìyẹ́ adìyẹ tí ẹ bá pa nù. Irin-iṣẹ́ àgbà ni. Òun ni àwọn ìyá wa ní Ìbàdàn fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ: wọn a tì í bọ ẹ̀kọ láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sè, wọn a sì fi ya ọnà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un. Ní Abẹ́òkúta, páànù pẹlẹbẹ tí a gé ọnà sí lára ni wọ́n ń lò. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, wà nínú ọnà tí à ń pè ní Ìbàdàn Dùn.

Ẹ lè fi ìyẹ́ yìí ṣe aṣọ fèrèsé. Ẹ fọ aṣọ òwú funfun, ẹ ya ojú kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ náà gbẹ dáadáa, kí ẹ tó gbé e lọ fún aláró. Ẹ má ṣe po aró nílé tí ọmọ kékeré wà: kọ́sítíìkì sódà tí ọ̀pọ̀ aláró ń lò a máa jó ara, a sì máa fọ́ ojú. Ọnà ni kí ẹ yà. Ẹ fi aró sílẹ̀ fún alájọṣe rẹ̀.