Àlùbọ́sà Eléwé, Ọmọ Ta Ni?

 

Bí ẹ bá ní kí ìsọ̀ mẹ́ta mú àlùbọ́sà eléwé wá, ẹ lè rí nǹkan mẹ́ta gbà. Ọ̀kan á mú ewé àlùbọ́sà pupa tí ìdí rẹ̀ kò tíì tóbi. Èkejì á mú èyí tí ìdí rẹ̀ kì í tóbi láéláé, tó jẹ́ ewé là ń jẹ níbẹ̀. Àwọn eléwé ọmọ, tí ń ta nǹkan àgbo, á mú oníṣùṣù wẹ́wẹ́ wá. Oníkálukú á sì máa búra pé tòun ni ojúlówó.

Àwọn onímọ̀ kì í wo àwọ̀ tàbí títóbi mọ́ kí wọ́n tó dá irú ẹjọ́ yìí. DNA ni wọ́n ń fà jáde nínú ewé, ìyẹn ohun tí ọmọ jogún lára òbí, wọ́n á wá yẹ àmì ara rẹ̀ wò. Bí ilà ojú ni, àfi pé inú ni ilà yìí wà, kò sí olóòlà tó lè fi abẹ kọ ọ́. (Ti àlùbọ́sà tó ìlọ́po márùn-ún tènìyàn. Kò yà wá lẹ́nu, ohun tó ń pa gbogbo ilé lẹ́kún!)

Kí ni àmì náà wí? Oníṣùṣù wẹ́wẹ́ tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Allium ascalonicum, bí ẹni pé ìran ọ̀tọ̀ ni, ọmọ ìyá àlùbọ́sà ńlá ni. Allium cepa ni àwọn méjèèjì. Elewé tí ìdí rẹ̀ kì í tóbi, Allium fistulosum, ìbátan lásán ni. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń ta oníṣùṣù aláwọ̀ eérú kan, àwọn kan ní òun nìkan ni ojúlówó. Iṣẹ́ tó jáde ní 1998 fi hàn pé ìran Allium oschaninii ni, láti Àárín Éṣíà. Aṣọ ẹbí ló wọ̀, kì í ṣe ẹbí!

Ẹ má sọ pé kí ló kàn wá. Allium roylei, ìbátan inú igbó kan, ni wọ́n gbà lára rẹ̀ ní Netherlands kí àrùn ewé kan má baà pa àlùbọ́sà mọ́, àmì yìí ni wọ́n sì fi ń mọ irúgbìn tó jogún agbára náà. Ẹni tí kò mọ ìbátan, báwo ló ṣe fẹ́ so wọ́n pọ̀?

Ṣùgbọ́n a ò gbà kí oníbàárà torí pé wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá já owó oníṣùṣù wálẹ̀ o. Ìbejì pàápàá, ìwà wọn kì í dọ́gba.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí àwọn olùwádìí NIHORT n'Íbàdàn wá mú èyí tó wà nínú igbá wa, kí wọ́n fi orúkọ tí àwa ń pè é sínú ìwé wọn. Kí wọ́n tó dé, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ń kó o wá fún wa pé oko wo ló ti wá, irúgbìn ta ni wọ́n gbìn.