Ẹ Kú Iṣẹ́ o, Ẹ̀yin Olùtọ́jú Eegun àti Eyín ní Abidjan

Ìyá kan jókòó níta ilé ìwòsàn ní Treichville, ó gbé fọ́tò ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní radio níbí, sókè sí ojú oòrùn. Gbaka, ọkọ̀ èrò kékeré ìlú yìí, ló kọlù ọmọ náà. Ó na ìka sí ibì kan, ó ní, "Ẹ wò ó, ibi tó dá rèé." Ìlà dúdú tín-ín-rín kan ti la ohun funfun náà sí méjì. Nítorí ohun funfun yẹn, àti nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, la ṣe mú gègé lónìí.

Hydroxyapatite ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kalisíọ́mù àti fọ́síféètì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kalisíọ́mù yìí ni kì í jẹ́ kí ìtànṣán ẹ̀rọ fọ́tò ríbi kọjá dáadáa, òun ló fà á tí eegun fi ń funfun níbi tí ẹran ti dúdú. Nínú eegun gbígbẹ, hydroxyapatite tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀. Lójú eyín tó ń dán, ó lé ní 95 nínú 100. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kó rẹ eegun itan adìẹ sínú ọtí kíkan fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó bá yọ ọ́ jáde, yóò máa tẹ̀ bí rọ́bà. Ọtí kíkan ti fọ èròjà líle náà lọ, ohun rírọ̀ tó kù kò lè dá dúró.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kòkòrò ẹnu ń ṣe eyín. Wọ́n á jẹ ṣúgà tó kù lẹ́nu wa, wọ́n á sun omi kíkan jáde, omi kíkan náà á sì máa jẹ ojú eyín díẹ̀díẹ̀. Fúlóráìdì inú ọṣẹ ìfọyín a máa wọ inú èròjà náà, á jẹ́ kó lágbára sí omi kíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ìtọ́jú eyín ní Yunifásítì Félix Houphouët-Boigny ní Cocody, tí ẹ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti gba eyín là kó tó di ohun tí a ń yọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Eegun tó dá lásán, bí wọ́n bá tò ó dáadáa, ara á so ó pọ̀. Èyí tó rún, tó fi ihò sílẹ̀, lọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Oníṣẹ́-abẹ lè bu eegun díẹ̀ níbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀ kó fi dí ihò náà, tàbí kó lo hydroxyapatite tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn. Ara kì í lé e jáde, nítorí ó dá a mọ̀. Eegun tuntun á wọ inú ihò wẹ́wẹ́ yẹn, á di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́dún 1920 ni Fred Albee, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa bí ìbátan èròjà yìí ṣe ran eegun ehoro lọ́wọ́. Racquel LeGeros, ọmọ ilẹ̀ Philippines, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kọ́ nípa èròjà náà ní New York. Ó yẹ ká dárúkọ rẹ̀ níbi tí a ti ń dúpẹ́. Láti nǹkan bí 1985 ni wọ́n ti ń fi hydroxyapatite kun ìbàdí onírin kí eegun lè dì í mú, ohun tó kan àwa tí fòníkú-fọ̀ladìde máa ń ba ìbàdí ọmọ wa jẹ́. Àmọ́ èròjà náà kò lè dá ẹrù rù. Ó máa ń fọ́. Ó nílò ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́.

Kì í ṣe inú ara nìkan ni irú èròjà yìí wà. Ará Èjìgbò tó ti gba ọ̀nà Lomé wá síbí ti kọjá ní Kpémé, níbi tí wọ́n ti ń kó fọ́síféètì Togo sínú ọkọ̀ òkun. Ìbátan èròjà eegun wa ni òkúta yẹn. Ajílẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe, á sì bá oúnjẹ padà wọ inú ara wa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni oríyìn wa wà fún lónìí: ẹ̀yin oníṣẹ́-abẹ eegun ní Treichville, Cocody àti Yopougon, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń fi pílásítà di ẹsẹ̀, àti ẹ̀yin kiné, tí ẹ ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn, tí ẹ ń di ọmọdé lọ́wọ́ mú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ padà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìdúró. Olúwa yóò máa dúró tì yín.

Ẹ̀yin ará wa ní Adjamé, Treichville àti Koumassi, a mọyì àwọn baba tó ń to eegun nílé. Ṣùgbọ́n bí eegun bá ti gún awọ jáde, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ tètè gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn.