Ta Ni Ò Ń Jà Fún?

  Ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀rọ eré tí àwọn ọmọ ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí wọ́n bá ti jókòó tì í, bí a pè wọ́n títí, wọn kò ní dáhùn. Ọbẹ̀ a sì jóná lórí iná. Àwọn òbí a máa ráhùn pé, "Kí ni ó wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe ìbọn yínyìn?" Èmi kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nígbà mìíràn, ẹni tí ó ṣe eré fi ọgbọ́n sí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó o lọ tà lókè òkun ni wọ́n yọ ọgbọ́n náà kúrò.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Orúkọ eré náà ni Ace Combat 3: Electrosphere. Ilé-iṣẹ́ Namco ní ilẹ̀ Jàpáànù ni ó ṣe é fún ẹ̀rọ PlayStation, ó sì jáde níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1999. Ọdún 2040 ni wọ́n fi ìtàn inú rẹ̀ sí, ní ilẹ̀ àròsọ kan tí ń jẹ́ Usea. Agbára ti bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá méjì, General Resource àti Neucom, ni wọ́n di ọba, wọ́n sì ń bá ara wọn jagun. Àwọn UPEO wà láàrin bí ọlọ́pàá, láti là wọ́n níjà. Ẹni tí ó bá ń ṣe eré náà di ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ òfurufú UPEO; Nemo ni orúkọ rẹ̀.

Ọkọ̀ òfurufú ogun inú rẹ̀ yani lẹ́nu. A ó ti awakọ̀ mọ́ inú rẹ̀ láìsí fèrèsé, ẹ̀rọ ni yóò máa fi àwòrán ìta hàn án. COFFIN ni wọ́n pe ètò yìí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé pósí ni. Ẹni tí ó ti wọ pósí kí ó tó dé ojú ogun, kí ni a tún fẹ́ sọ fún un nípa ogun?

Adùn eré náà kò sí nínú ìbọn, inú ọ̀rọ̀ ni ó wà. Rena, Erich, Keith àti Cynthia, ẹlẹgbẹ́ Nemo, ń bá a sọ̀rọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdí tirẹ̀. Ọ̀kan fẹ́ kí ó bá òun lọ sọ́dọ̀ General Resource, òmíràn ní Neucom ni ọ̀nà. Nemo ni yóò yàn. Ibi tí ó bá yà sí ni ìtàn yóò yà sí. Òpin márùn-ún ni ó ní. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ní ọ̀nà kan lè di ẹni tí yóò yìnbọn lù ní ọ̀nà kejì.

Bí ènìyàn bá wá rí òpin márààrún tán, àṣírí tú! Simon, onímọ̀ kan nínú ìtàn náà, ń jowú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dision nítorí obìnrin. Òun ni ó dá Nemo. Nemo kì í ṣe ènìyàn rárá. Ẹ̀rọ tí ń ronú ni. Gbogbo ogun tí ó jà, ìdánwò inú kọ̀ǹpútà ni, kí Simon lè mọ̀ bí Dision yóò bá kú ní ọ̀nà gbogbo. Ní èdè Látìn, Nemo túmọ̀ sí "kò sí ẹnìkan." Ẹni tí ó rò pé òun ń yàn fúnra òun, owú ẹlòmíràn ni ó ń jà fún. Ẹ̀kọ́ ńlá kọ́ nìyẹn?

Ó wá di ọdún 2000, eré náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ti Jàpáànù jẹ́ àwo méjì, iṣẹ́ ogun 52 ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó dé òkè òkun jẹ́ àwo kan, iṣẹ́ ogun 36. Wọ́n yọ àwòrán tí ń rìn tí ilé-iṣẹ́ Production I.G yà sí i. Wọ́n yọ ọ̀rẹ́, wọ́n yọ yíyàn, wọ́n yọ àṣírí Nemo. Ìtàn bíńtín ló kù, ìbọn yínyìn ló pọ̀. Bí ẹni tí wọ́n ta iyán fún, tí wọ́n da ọbẹ̀ rẹ̀ nù ni.

Ọpẹ́ ni fún àwọn kan tí wọ́n fẹ́ràn eré náà, tí wọ́n kóra jọ, tí wọ́n pe ara wọn ní Project Nemo. Wọ́n túmọ̀ ti Jàpáànù sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 2016. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ìfẹ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, ìmọ̀ràn mi rèé. Kí ẹ tó já wáyà ẹ̀rọ ọmọ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ò ń jà fún? Ta ni ò ń yìnbọn lù? Kí ni ó ṣe ọ́? Bí ó bá lè dáhùn, ẹ jókòó tì í kí ẹ gbọ́ ìtàn náà. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ wá eré mìíràn fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ wo iṣẹ́ àwọn Project Nemo kí ẹ kọ́gbọ́n. Àwọn ọmọ wa pẹ̀lú yẹ ní ẹni tí yóò túmọ̀ nǹkan fún wọn.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Eré tí a bá ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ọfà nìkan ló kù fún ọmọ.