Ẹ Má Gbé Áyọ́ọ̀nù Eléèédú Fún Oníirin

Ojoojúmọ́ ni àwọn tí ń ra irin àlòkù ń kiri ojúlé ní Ọ̀jọ́ọ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tí àwọn ìyá wa àgbà fi lọ aṣọ, orí ìwọ̀n ni ó ń bá lọ, a ó sì yọ́ ọ di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Mẹ́rin ni mo ti rà padà tí mo tún ṣe nílé. Kẹrosíìnì àti sáńpépà ni a fi ń họ ìpẹtà rẹ̀. Káfíńtà a gbẹ́ igi ìdìmú tuntun. Àbẹ́là ni a fi ń ra ìdí rẹ̀ kí ó lè máa yọ̀ lórí aṣọ. Ẹ má gbé e fún wẹ́dà lásán o! Irin dídà ni, ó tètè ń sán. Àkùkọ kékeré tí ó di ìdérí mú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí ó bá já, ẹyin iná yóò dà sórí aṣọ.

Àwọn kan ní iná mànàmáná ti dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tí ó wà ní ìpele A fò láti ₦68 sí ₦225 fún wákàtí kílówáàtì kan. Ta ni kò mọ̀ ọ́n lára?

Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, nítorí èéfín eèédú nínú yàrá títì a máa pa ènìyàn. Èyí tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá yín ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ síta kí oníirin tó dé.